Àìsàn Tó Ń Ṣe Alámù Barnabé

Bí ẹ bá dé Kétu tí ẹ béèrè Barnabé, wọn á ní, "Barnabé wo?" Ẹ sọ pé Barnabé alámù, ọmọdé á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọkùnrin náà kó tó fẹ̀yìntì. Láti Kpankou dé Odomèta, kò sí ìdí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá àìsàn kiri kò lè kàn jókòó lásán. Nígbà tí kò sí aláìsàn mọ́, ó yí sí alámù ilé rẹ̀.

Alámù yìí, ẹ̀rọ tó yẹ kó kígbe bí olè bá wọlé, ti darúgbó. Ìgbà tí Ghislaine, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣì ń pọn ọmọláńgidi ni Barnabé ti rà á ní Kùtọnu. Ọmọ gidi ni Ghislaine ń pọ̀n báyìí nílé ọkọ ní Pọ́bẹ̀. Àpótí alámù náà tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí eyín amutábà. Wáyà jáde lára rẹ̀ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó lọ sí fèrèsé, ó sì lọ sí ojú kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri sàlọ́ọ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbàlejò. Kí ni ó sì ń ṣọ́? Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí olè tó bá fẹ́ jí i yóò ní láti jí onílé pé kó wá gbé e ru òun. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ lójú Barnabé o.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé alámù náà ń ké láìsí olè. Bí Barnabé bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, tí òun àti Victorine ìyàwó rẹ̀ jáde, kì í pẹ́ tó fi ń figbe ta: wìììì! Níbẹ̀rẹ̀, àwọn aládùúgbò mú àdá, wọ́n sáré wá. Nígbà tó yá, wọ́n rọra rìn wá. Nígbà tó tún yá, wọ́n jókòó. Crépin, télọ̀ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, sọ ọ́ fún un gbangba pé, "Dókítà, ọjọ́ tí olè bá wá gan-an, ẹ ní kí alámù yín dákẹ́, ká lè mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀."

Barnabé wọlé. Ó gbé awò ojú wọ̀, ó tú àpótí náà, ó ní bátírì ni. Lóòótọ́, bátírì náà ti wú bí ikùn ọmọ aláràn. Ó fi tuntun sí i. Alámù ké. Ó ní ilẹ̀kùn ni, pé òjò ti mú pákó wú, irin méjì tó yẹ kó fẹnu kora kò fẹnu kora mọ́. Ó fá etí ilẹ̀kùn títí afẹ́fẹ́ fi rí ọ̀nà gbà wọlé. Alámù ké.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Victorine ń ti Adakplamè bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ariwo náà ti gba àdúgbò kan. Ẹni tó fi alùpùpù gbé e bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá, ilé alámù ni à ń lọ, àbí?" Victorine sọ̀ kalẹ̀, ó sanwó. Ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú báàgì.

"Ìyá Ghislaine, kí lèyí?"

"Báàgì ni, Bàbá Ghislaine. Ẹ ò rí báàgì rí?"

"Níbo lò ń lọ?"

"Mi ò tíì lọ. Ó ku ẹyọ kan. Bí nǹkan yín yẹn bá tún ké, Pọ́bẹ̀ ni màá lọ bá ọmọ mi. Ẹ̀yin àti òun ẹ máa gbé pọ̀. Ẹ ní kó máa se ọbẹ̀ fún yín."

Barnabé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ọkùnrin tó mọ ìwọ̀n oògùn ọmọ ìkókó kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀. Ìyẹn gan-an kéré. Bí Victorine bá lọ, ta ni yóò máa bá a jiyàn nírọ̀lẹ́?

Ló bá ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí àrùn bá wọ abúlé: ó ní òun yóò ya àwọn ẹ̀yà ara alámù náà sọ́tọ̀ síra wọn. Ó kọ́kọ́ yọ fèrè tó ń ké, kó má baà lé ìyàwó rẹ̀ lọ, ó fi gílóòbù kékeré sí ipò rẹ̀. Bí alámù bá fẹ́ ké, gílóòbù á tàn. Lẹ́yìn náà ó ń tú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tú ti ilẹ̀kùn, gílóòbù tàn. Ó tú ti fèrèsé, ó tàn. Ọjọ́ tó tú ti ojú inú sàlọ́ọ̀, kò tàn mọ́.

"Mo ti rí ibi tó ń dùn ún!" Ó pariwo bí ẹni gbẹ̀bí ìbejì.

Ó gorí àga, ó ṣí ojú náà, ó bá aláǹtakùn kan àti gbogbo ẹbí rẹ̀ níbẹ̀. Ó fi òwú àti ọtí ìwẹgbò nù ún mọ́. Ó dá wáyà padà. Gílóòbù tàn.

Barnabé wá dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ojú náà kò ti lè rí i, ó ń yọjú lábẹ́ kọ́tìnì bí olè nílé ara rẹ̀. Kò sí eku, kò sí ọmọọ́lé. Gàrí nìkan ló wà ní sàlọ́ọ̀. Victorine a máa yan gàrí tà, kì í sì í tẹ́ ẹ síta nítorí adìyẹ àti ewúrẹ́. Bó bá ti ń kúrò nínú agbada, orí aṣọ funfun nílẹ̀ sàlọ́ọ̀ ló ń tẹ́ ẹ sí, á yí fáànù sí i, á ti ilẹ̀kùn, á bá tirẹ̀ lọ títí yóò fi tutù.

Fáànù yíjú kúrò, ojú ara ògiri dákẹ́. Fáànù yíjú sí gàrí, ó gbé ooru rẹ̀ sókè, iná pupa kan sì ṣẹ́jú lára ojú náà. Ó yíjú kúrò, dákẹ́. Ó yíjú sí gàrí, pupa.

Barnabé dìde jókòó. Ó mọ̀ pé ojú yẹn kì í rí ènìyàn rárá, ooru ara tó ń rìn ló ń rí. Lójú rẹ̀, gàrí gbígbóná yìí, olè ni, olè tó sanra dáadáa.

Ayọ̀ rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tí ẹ̀rù fi dé. Ta ni yóò sọ fún Victorine? Obìnrin tó ti di ẹrù sínú báàgì, kí èèyàn lọ bá a pé kó máa tẹ́ gàrí rẹ̀ síbòmíràn? Ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ náà ni yóò fẹ́ fi jẹun alẹ́. Barnabé wo ojú ara ògiri, ó wo gàrí, ó sì gorí àga lọ tú ojú náà kúrò.

Orí àga yẹn ni Victorine bá a, asẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ tún ti gun òkè."

"Mo ń gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ooru."

"Ooru kí ni?"

Barnabé wo àjà. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú rẹ̀ sá títí, ó wá balẹ̀ sórí gàrí. Victorine náà tẹ̀ lé ojú rẹ̀ débẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Gàrí mi wá di olè."

"Rárá o! Gàrí rẹ kò jalè. Èmi ni mo gbé ọlọ́pàá síwájú rẹ̀."

Victorine wo gàrí, ó wo ojú tó wà lọ́wọ́ Barnabé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e. Ó rín in títí ó fi fi asẹ́ bojú. Ó wọ yàrá, ó da aṣọ inú báàgì sórí ibùsùn, ó sì gbé báàgì òfìfo jáde.

"Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wà lókè, ẹ bá mi gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù."

Barnabé dá fèrè padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, alámù kò ké lásán mọ́. Nígbà tí Crépin bi í léèrè àìsàn tó ń ṣe alámù náà, Barnabé na ọrùn, ó ní òfin iṣẹ́ òun kò gbà kí òun tú àṣírí aláìsàn. Kò mọ̀ pé Victorine ti tú u fún gbogbo obìnrin tó ń ra gàrí, àti pé ìyàwó Crépin ló kọ́kọ́ rà.