Orin Tí Kini Kò Kọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ní Mangalore, ìlú kan ní Íńdíà, kò sí ẹni tó ń ta agbòjò tí ẹnu rẹ̀ mú bíi ti Vaman Kini. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tẹ́ḿpìlì àdúgbò rẹ̀, gbogbo ìpàdé ló sì fi ń kìlọ̀ pé àwọn Sísítà Àgùdà fẹ́ fi ilé-ìwé wọn yí àwọn ọmọ Híńdù lọ́kàn padà. Òun náà ló so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ òrùlé tẹ́ḿpìlì, tó kọjú rẹ̀ sí ilé opó Àgùdà kan, Severina Rego. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí nítorí orin tẹ́ḿpìlì tí ẹ̀rọ náà ń ké ní gbogbo ìdájí. Kini ní orin Ọlọ́run kì í ṣe ariwo.

Àmọ́ nígbà tí Shailaja ọmọ rẹ̀ tó ilé-ìwé lọ, ilé-ìwé àwọn Sísítà yẹn gan-an ni Kini fẹ́. Ó yọ́ lọ bá Severina pé kó kọ́ ọmọ náà ní àdúrà Baba Wa, kó lè yege ìdánwò ìwọlé. Opó náà rẹ́rìn-ín, ó kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Kini nu àmì pupa àwọn Híńdù kúrò níwájú orí ọmọ rẹ̀, ó nu tirẹ̀ náà. Sísítà Hilaria, ọ̀gá ilé-ìwé, ní kí Shailaja kọ orin tí wọ́n máa ń kọ sí Ọlọ́run nílé wọn. Ọmọ náà pa ọwọ́ pọ̀, ó ka Baba Wa láìṣìṣe.

"Tiwa nìyẹn," ni Sísítà wí. "Tiyín ńkọ́?"

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Kini alára kò mọ̀ ọ́n, nítorí oorun ló máa ń sùn tí wọ́n bá ń kọ ọ́ ní tẹ́ḿpìlì ní ìdájí.

"Bàbá Shailaja, ẹ mú un padà wá lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú orin ilé rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò ní gbà á."

Bí Kini bá lọ bá àlùfáà tẹ́ḿpìlì, gbogbo ìgbìmọ̀ ni yóò gbọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ó tún gba ilé opó lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orin tẹ́ḿpìlì yẹn..."

"Akọ̀wé, ṣé èyí tí kì í ṣe ariwo?"

Opó náà mọ̀ ọ́n látòkèdélẹ̀, ó sì fi kọ́ Shailaja.

Lọ́jọ́ Ajé, Shailaja kọ orin náà, ó dùn. Ọkàn Kini ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni ọmọ náà ya àmì àgbélébùú, bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe máa ń parí gbogbo nǹkan. Sísítà Hilaria rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gba ọmọ náà wọlé.

Nírọ̀lẹ́, Kini ròyìn fún ìgbìmọ̀ pé àwọn Sísítà fúnra wọn ló bẹ̀bẹ̀ láti gbọ́ orin tẹ́ḿpìlì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó gun òrùlé tẹ́ḿpìlì, ó sì yí ẹ̀rọ gbohùngbohùn náà kọjú sí fèrèsé ilé tirẹ̀.