Fọ́tò Ọ̀fẹ́ àti Gọ́tà Àdúgbò Wa

Òórùn omi gọ́tà ni mo fi ń mọ̀ pé òjò ti dé nígbà tí mò ń gbé Igbó Ẹfọ̀n. Títì márosẹ̀ ga ju àdúgbò wa lọ, kò sì sí ojú gọ́tà gidi kan, ẹnu ọ̀nà mi ni gbogbo àgbàrá ń wọ́ sí. Mo kàwé dé yunifásítì, n kì í pariwo. Lẹ́tà ni mo fi ń jà. Mo kọ ọ̀kan sí alága àwọn onílé pé kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà. Mo to ẹ̀ṣẹ̀ ìgbìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, mọ́kàndínlógún géérégé. Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrìnlá ni pé wọn kì í ka ìwé délẹ̀.

Ó ku ẹ̀rí. N kò lè kó bàtà mi wọ omi yẹn, mo bá wá fọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo rí ọ̀kan tí omi ti kún bo ọ̀nà, ọwọ́ bárò kan nìkan ló yọrí. Wọ́n kọ "ọ̀fẹ́" sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ kan sì tẹ̀ lé e. N kò kà á. Mo gé e dànù, mo lẹ fọ́tò mọ́ lẹ́tà.

Nípàdé, alága wo fọ́tò náà títí. "Ọ̀mọ̀wé wa, ta ló yà á? Níbo?"

Mo ń wo àjà.

"Àbí Íńdíà ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ti ń da lẹ́tà mi padà nígbà tí oníṣẹ́ táílì tó ń tẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìpàdé nàgà wò ó.

"Háà, bárò mi rè é! Ẹ̀yìn ògiri yìí ni mo ti yà á. Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà ti kọ orúkọ mi àti ibi tí mo ti yà á. Ṣé mo bèèrè owó ni?"

Ẹ̀rí tí mò ń wá gan-an ni mo gé dànù.

Alága na bírò sí mi. "Ẹ̀ṣẹ̀ ti pé ogún báyìí, sà. Ẹ kọ tiyín mọ́ ọn."

Ojú gbogbo wọn ni mo ti kọ orúkọ ọkùnrin náà àti ibẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Wọ́n gbẹ́ gọ́tà kí òjò ọdún kejì tó dé.

Àwọn àgbà ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíì. Títí dòní, "gọ́tà oníṣẹ́ táílì" ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó kọ lẹ́tà. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo jókòó láti fẹjọ́ sùn pé wọn kò dárúkọ mi. Mo kọ ìlà kan, ojú tì mí, mo gbé bírò sílẹ̀.