Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Duilio

Ilario Cencetti kì í yọ ọwọ́ òsì kúrò lápò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò kàwé púpọ̀. Ilé ìwé ìlú wọn, Roccamurlo, kò jìnnà sí ilé wọn, òun ló jìnnà sí ilé ìwé. Kọ́kọ́rọ́ irin ló wà nínú àpò yẹn, kọ́kọ́rọ́ Fiat kékeré funfun tí Duilio bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó kú lẹ́yìn Kérésìmesì. Nígbà ayé rẹ̀, Duilio máa ń fi ọkọ̀ àtijọ́ náà ṣe háyà fún àwọn àlejò tó ń wá wo ọgbà àjàrà. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ilario fọ̀ ọ́, ó da aṣọ bò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí Duilio ní, ọkọ̀ náà nìkan ló kù tó ṣì ń fọhùn. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ òun, ó parí.

Zelinda, ẹ̀gbọ́n Duilio lóbìnrin, ló sọ ọ́ fún un pé, "Ọkọ̀ tí kì í rìn, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Tú aṣọ lára ẹ̀, jàre."

Ó tú u. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ará Denmark kan fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ravn lorúkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun, ó gùn bí òpó, ó sì ń sọ èdè ìlú náà bí ẹni tó ń ka ìwé sókè. Ọkọ̀ ló fẹ́ háyà, ṣùgbọ́n kò béèrè iye. Inṣọ́ránsì ló kọ́kọ́ bi í.

"Bí wọ́n bá jí i ńkọ́?"

Ilario fún kọ́kọ́rọ́ mọ́ra nínú àpò. Ní Roccamurlo, èèyàn kì í pe ibi lórúkọ. Bí aláìmọ̀kan bá pè é, kíá ni wọ́n ń fọwọ́ kan irin kí ọ̀rọ̀ náà má baà ṣẹ.

"Bó bá gbiná ńkọ́?"

Ó tún fún kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ra.

"Bí mo bá fi gbá èèyàn ńkọ́?"

Nínú ilé, Àǹtí Zelinda di ọwọ́ páànù irin tó fi ń dín nǹkan mú.

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jọ̀ọ́," ni Ilario wí. "Ṣé ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ sun ún?"

"Mo fẹ́ wà á. Ìdí tí mo ṣe ń béèrè nìyẹn. Inṣọ́ránsì tí mo ní nílé kì í dúró fún ọkọ̀ àtijọ́."

"Eléyìí ní tirẹ̀. Bàbá mi ti ṣe é."

"Ta ló lè jẹ́rìí sí i?"

"Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ńkọ́?"

Àǹtí Zelinda fà á wọ ilé ìdáná. "Ilario, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ń béèrè iná, ìṣáná wà lápò ẹ̀. Àwọn àlejò bàbá ẹ, ibi tí wáìnì ti dùn ni wọ́n máa ń béèrè. Irú èwo lèyí?"

"Kí n lé e lọ?"

"Mú un lọ sí kọ́nà itẹ́ òkú ná. Gíà á tú àṣírí ẹ̀."

Bí Duilio ṣe máa ń dán wọn wò nìyẹn. Gíà ọkọ̀ náà kì í gba ìwàǹwára. Èèyàn á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á tú u sílẹ̀, á fún ẹ́ńjìnnì níná díẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́, kí ó tó bọ́ sí gíà ìsàlẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irin á pa eyín keke. Ní kọ́nà itẹ́ òkú, níbi tí òkè ti le jù, àlejò mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló máa ń kùnà.

Ravn dé kọ́nà. Ó tẹ̀, ó tú, ó fún un níná, ó tẹ̀. Gíà wọlé bí ìka ṣe ń wọ epo.

Ó yẹ kí inú Ilario dùn. Ìfura rẹ̀ ló pọ̀ sí i. "Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Ọkọ̀ tí bàbá mi fi ń gbé wàrà."

Ìdáhùn náà dùn jù. Àwọn tó ń jí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá, ṣé wọn ò ní mọ gíà ni?

Ravn pa ọkọ̀. "Ọkọ̀ rẹ dára. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e, àfi tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu oní-inṣọ́ránsì fúnra rẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni Ilario kò fẹ́ lọ. Brogi ni oní-inṣọ́ránsì ìlú wọn. Láti ọjọ́ ìsìnkú, bó bá ti rí Ilario lókèèrè, á sọdá títì wá, á di apá rẹ̀ mú: "Ilario, yà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà." Kì í sọ ọ̀rọ̀ náà. Ojú rẹ̀ á sì lọ sọ́nà ilé wọn, níbi tí ọkọ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Ilario ti mọ̀: ọkọ̀ ni ọkùnrin náà ń wá rà. Ó ti di ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wọ ilé kọfí nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó lọ, òun àti Ravn, sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà. Kí àlejò má baà rò pé ó ń sá.

Brogi fò dìde. "Ẹ wo ẹyẹ tí mò ń dọdẹ! Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé!"

"Ọ̀gá Brogi, mi ò tà á o."

"Ta ló ní kó o tà á?"

"Kí lẹ wá ń lé mi kiri fún láti ìgbà òtútù?"

Brogi wo àlejò, ó wo ilẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ tábìlì, irin ni. "Ọmọ mi, bọ́tìnì dúdú ọ̀fọ̀ ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ. Ta ló ń bá ọlọ́fọ̀ sọ ọ̀rọ̀ jàǹbá lójú títì? Mo ní kó o yà. O ò yà." Ó mí kanlẹ̀. "Duilio ló bá wa ṣàdéhùn pé àlejò lè wa ọkọ̀ yẹn. Nígbà tó kú, àdéhùn bá a lọ. Bí ọkùnrin yìí bá gbé e jáde báyìí, tí nǹkan bá ṣe é, ọkọ̀ lọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn."

Ilario rò pé inṣọ́ránsì máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ bíi nọ́ńbà ni. Ó yíjú sí Ravn. Ravn kò rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà ń fura sí ọ," ni Ravn wí. "Bí mo bá ti béèrè ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ á fún nǹkan mọ́ra lápò. Mo rò pé ọ̀bẹ ni."

Ilario yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbé e ka tábìlì. Brogi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ó yá, a máa ṣe tuntun," ni Brogi wí. "Orúkọ Duilio á kúrò, tìrẹ á wọlé."

Ilario bi í pé, "Ṣé kò lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú tèmi?"

"Òkú kì í ṣe onídùúró, Ilario."

Ó gba bírò. Cencetti ló kọ́kọ́ kọ, torí ìyẹn jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Orúkọ tirẹ̀ ló pẹ́. Nígbà tó kọ ọ́ tán, kò dá bírò padà. Ó gbójú sókè.

"Bí wọ́n bá jí i ńkọ́, Ọ̀gá Brogi? Bó bá gbiná ńkọ́?"

Ọwọ́ méjèèjì ni Brogi fi di ẹsẹ̀ tábìlì mú kó tó dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ravn gbé ọkọ̀ lọ. Àǹtí Zelinda jáde, ó ń fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́.

"O fún un?"

"Mo fún un."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

Ilario ti ọwọ́ bọ àpò. Òfìfo. Kọ́kọ́rọ́ ti lọ. Ó yára na ọwọ́, ó gbá irin géètì mú. Lókè lọ́hùn-ún, ní kọ́nà itẹ́ òkú, gíà wọlé láìpa eyín keke. Ó gbọ́ ọ. Síbẹ̀, kò tú irin náà sílẹ̀.