Ohun Tí Àwọn Ọmọ Àṣìkẹ́ Kò Fẹ́ Gbọ́

Jẹjẹrẹ ọmú Àṣìkẹ́, tíṣà Faransé ní Òkè-Ọ̀dàn, ti wọ eegun. Bó bá ti dárúkọ ikú, àwọn ọmọ rẹ̀ á pariwo pé, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Òun náà á yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ọsibítù Ìlaròó, Toheebat, nọ́ọ̀sì tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn aláìsàn, fa àga sún mọ́ ọn.

“Màmá, kí ló ń bà yín lẹ́rù jù?”

“Wọ́n ti bodè pa. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ kú láìfojú kan àbúrò mi ní Pobè, ní ilẹ̀ Benin.”

Toheebat kò bá a wí. Ó jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn, ó sì bá a pe àbúrò náà lórí fóònù. Àṣìkẹ́ àti àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ikú láìfi bò.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń rí oorun sùn, bí ìrora kò tilẹ̀ lọ. Bodè kò ṣí títí ó fi kú.