Ilé Tí Wọ́n Bupá Nítorí Mi

Èmi nìkan ni wọn ò bupá fún nílé wa. Gbogbo ọmọ tí a jọ dàgbà l'Ẹdẹ ló ní àpá róbótó yẹn lápá. Èmi ò ní in, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni ṣọ̀pọ̀nná ì bá tètè pa.

Awọ ara mi ló fà á. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún mi ti ń yún, tí wọ́n ń là, tí wọ́n ń ṣomi. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, a gbọ́ pé ilẹ̀ gbígbóná ti wọ abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn tó ń bupá sì dé. Nọ́ọ̀sì tó bá wọn wá wo apá mi, ó mi orí. Ó ní ohun alààyè ló wà nínú oògùn náà. Tó bá wọ irú ara báyìí, ó lè bo gbogbo ara, kó sì pa ọmọ. Ohun tó lè gbà mí ni kí gbogbo ẹni tó yí mi ká bupá, kí àrùn má rí ẹni tí yóò gbé e wá bá mi. Ṣùgbọ́n títí egbò wọn yóò fi jinná, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí.

Télọ̀ ni bàbá mi, wọn kì í fi nǹkan falẹ̀. Gbogbo ilé ni wọ́n kó jáde lọ́jọ́ náà, títí kan ẹ̀gbọ́n wọn tó ti búra pé irin òyìnbó kankan ò ní kan òun lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọmọ yìí la ń ṣe é fún."

Ẹ̀gbọ́n gbà, wọ́n sì yan bàbá mi lódì fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Wọ́n mú mi lọ sí Alájùẹ, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá bàbá mi, opó tó ń dá gbé lóko níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá àgbà. Ṣọ̀pọ̀nná ti ṣe wọ́n rí nígbà èwe, àpá rẹ̀ kún ojú wọn. Ẹni tó bá ti ṣe é kì í sábà ṣe é mọ́, nítorí náà kò sí ìdí láti bupá fún wọn. Àwọn ló ń wẹ̀ mí, tí wọ́n ń fi àdín àgbọn pa mí lára. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá ti lọ sídìí ẹ̀gẹ́ wọn, adìẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, adìẹ ò kúkú dáhùn. Àárò ilé sọ mí gan-an.

Ìyá mi wá wò mí. Mo sáré lọ bá wọn, wọ́n jágbe mọ́ mi pé, "Dúró níbẹ̀!" Wọn ò jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé mọ́ín-mọ́ín tí wọ́n gbé wá sórí òkúta, wọ́n sún sẹ́yìn kí n tó lọ gbé e. Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n inú bí mi; ẹni tó bá kàn ló mọ̀. Nígbà tó yá, wọn ò nílò láti jágbe mọ́. Tí mo bá ti rí wọn lókèèrè, èmi fúnra mi á ti fẹ̀yìn ti ògiri.

Àrùn náà ò wọ ilé wa. Egbò wọn jinná, èépá já, ìyá mi sì wá mú mi. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè kí n lè rí i pé ó ti gbẹ.

"Ó ti tán, ọmọ mi. Wá."

Mo fẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ mi ni mò ń fà sẹ́yìn, títí mo fi dé ẹ̀yìn ìyá àgbà, tí mo di ìró wọn mú.

Ìyá àgbà ló fà mí lọ́wọ́ dé Ẹdẹ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ru ẹrù mi, wọ́n ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, wọn ò sì sún mọ́ wa.