Ẹni Tó Ń Lé Ayàwòrán Ilé Kúrò Lórí Kọ̀ǹpútà Rẹ̀

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni obìnrin yìí ń ṣe, kọ̀ǹpútà sì ni ọkọ́ àti àdá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀, tóun náà ń yàwòrán ilé, ti pàdé, kí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ tó kọ̀ láti gbé e mọ́. Ìgbà náà ni ọkọ ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀, kó máa yàwòrán nílé, kó lè máa rí sí màmá. Iṣẹ́ tòun á gbé ilé ró. Ó gbà. Tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wá di ọ́fíìsì rẹ̀.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kọ̀ǹpútà náà kò fẹ́ kó dìde. Bó bá jókòó tì í, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá lọ wẹ màmá, tàbí tó lọ dín iná ọbẹ̀ kù, ẹ̀rọ á ti lé e jáde kó tó padà dé, á sì tún máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Lọ́jọ́ kan, ó gbìyànjú láti máa mi máòsì láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Okùn rẹ̀ kò dé ibẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Abẹ́rẹ́, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún ni. Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tó yẹ kó sùn, ó ní kó má sùn mọ́. Wọ́n wá káwọ́ gbera, wọ́n ń wò ó. Kò pẹ́, ìkéde kékeré kan yọ sójú ẹ̀rọ. Ayàwòrán nawọ́ kó tì í kúrò bó ṣe máa ń ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti gbà pé ìpolówó ọjà ni, kò sì kà á rí. Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ìkéde náà ń sọ pé ẹnì kan fẹ́ wọlé sórí ẹ̀rọ yìí láti ibòmíràn, ó ń béèrè bóyá kí wọ́n gbà á láàyè. Wọn kò dáhùn. Ẹ̀rọ fi ìdákẹ́ wọn ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lé ayàwòrán jáde.

Ayàwòrán béèrè bóyá olè ni.

"Kì í ṣe olè, Àǹtí," ni Abẹ́rẹ́ fèsì. "Orúkọ ọkọ yín ló wà nínú ìkéde yẹn."

Kò yé e. Ọkọ ní kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Kí ló ń wá lórí ti ilé? Ó pe ọ́fíìsì láago. Obìnrin tó gbé e kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà màmá, ó wá ní àwọn rò pé ó ti gbọ́: láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹ̀ka àwòrán pa ni ọkọ rẹ̀ ti lọ, ó sì ti lé lọ́dún kan. Ayàwòrán dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Láràárọ̀ ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ fún un. Abẹ́rẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ wọlé tòun ti báàgì rẹ̀. Bó ti ń jẹun, ó ń ròyìn bí ọ̀gá ṣe bá awakọ̀ ọ́fíìsì wí lọ́jọ́ náà. Ìyẹn gan-an ló mi ìyàwó jìgìjìgì: ìtàn náà lórí, ó nídìí, ó tiẹ̀ pa ni lẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Dádì," ló wí, "a ti rí ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ni."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ ọkọ. Ó ní ilé ìkàwé lòun ń lọ jókòó sí, ẹ̀rọ ibẹ̀ lòun fi ń wọ kọ̀ǹpútà ilé, torí orí rẹ̀ nìkan ni ètò tí wọ́n fi ń yàwòrán wà, òun sì ń rí iṣẹ́ gbà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, òun á dúró. Bó bá gbà, òun á rò pé ìyàwó ti ṣíwọ́. Òun náà kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ kí nǹkan kan tó ju òun síta. Ara wọn ni wọ́n ti ń lé látọjọ́ yìí.

"Èmi ni mo ní kó o fiṣẹ́ sílẹ̀," ló wí. "Ojú tì mí láti sọ pé tèmi náà ti bọ́."

Ìyàwó kò pariwo. "Ìyá yín ni mò ń gbé dìde tí mò ń gbé jókòó, ẹ̀yin sì wà ní ilé ìkàwé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ kò wọṣọ iṣẹ́. Òun ló gbé ìyá rẹ̀ lọ sí balùwẹ̀, ó ń da omi sí i létí torí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì, ó ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà lè gbé àìsàn màmá dìde.

Màmá nu ojú rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀.

"Bàtà rẹ kì í ní erùpẹ̀ ibi ìkọ́lé mọ́. Ẹni tó bá wà ní ìdùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń rí."

Ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó ń gbá lójoojúmọ́ ni bàtà náà ń sùn, kò sì kíyè sí i rí.

Wọ́n ti pín kọ̀ǹpútà báyìí: ìyàwó ló ni àárọ̀, ọkọ ló ni ọ̀sán, ẹni tí kò bá sí lórí rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ màmá. Inú ìyàwó kò tíì rọ̀ tán. Ó ní ìbínú náà wúwo, díẹ̀díẹ̀ lòun ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀.