Ẹ̀wù Tó Rú Alágbàfọ̀ Lójú

Imú-kì-í-parọ́ ni àwọn oníbàárà ń pe obìnrin alágbàfọ̀ náà. Wọ́n ní kí aṣọ ìdọ̀tí tó jáde nínú àpò, ó ti mọ ẹni tó ń fa sìgá ní kọ̀rọ̀, ó sì ti mọ ọ̀gá tó ní òun wà nípàdé nígbà tó jẹ́ pé pápá bọ́ọ̀lù ló lọ. Bóyá àsọdùn wà níbẹ̀. Ohun tó dájú ni pé òun fúnra rẹ̀ gba imú rẹ̀ gbọ́ ju bó ṣe gba ẹnu ènìyàn gbọ́ lọ.

Kanlékanlé ni ọkọ rẹ̀, orí òrùlé ló sì ti ń jẹun. Nígbà òtútù, àbúrò ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun mú ẹ̀wù kan wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọlọ́wọ́ gígùn, aláwọ̀ eérú.

"Irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, mẹ́rínò ni wọ́n ń pe irú àgùntàn náà," àbúrò ọkọ ṣàlàyé. "Ẹ máa wọ̀ ọ́ nínú òtútù, ẹ máa wọ̀ ọ́ nínú ooru. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o. Bí ẹ bá ti bọ́ ọ, ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi kékeré, irun àgùntàn nínú ooru? Ṣé orí yín pé?"

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ti rí àgùntàn tó bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ torí oòrùn rí?"

"Àgùntàn kì í kanlé."

Òtútù kọjá láìsí wàhálà. Ta ní ń làágùn nínú òtútù? Àfi ìgbà tí ooru dé, tí páànù ń ta pópó lórí ilé, tí ọkọ rẹ̀ kò bọ́ ẹ̀wù náà. Ó ní òógùn kì í lẹ̀ mọ́ òun lẹ́yìn mọ́, pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ara òun á tutù. Láti ọjọ́ Ajé títí ọ̀sẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, òun náà ló ń wọ̀. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á fi kọ́ ojú fèrèsé.

Nígbà tí ìyàwó fẹ́ fọ̀ ọ́, ó gbé e símú. Kò gbóòórùn kankan. Ó tún gbé abíyá rẹ̀ gan-an símú. Bí koríko gbígbẹ ló rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń fọ aṣọ ọkùnrin yìí. Òógùn rẹ̀ a máa ta bí ọtí kíkan.

Ó gbé e lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a lọ aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èyí náà le?" àbúrò wí, áyọ́ọ̀nù ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Aṣọ òṣìṣẹ́ tí kò rùn, ẹnì kan ló ti fọ̀ ọ́."

"Ta ni? N kò gbóòórùn ọṣẹ níbẹ̀."

"Á jẹ́ pé ó mọṣẹ́ jù yín lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ká ọkọ mọ́ ìdí oúnjẹ. "Bàbáa wọn, ta ló ń bá yín fọ ẹ̀wù yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọ̀ ọ́. Àbí o fẹ́ kó máa rùn ni?"

"Ẹ̀n, mo fẹ́ kó rùn!"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tó ń wo òrùlé tó ń jò láìsí òjò. "O ń fẹ̀sùn obìnrin kàn mí torí pé mo mọ́?"

"Ẹ mọ́ jù."

Ọkọ kò pariwo. Ó dìde, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ sùn sí pálọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, "ẹ káàárọ̀" àti "o káàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wọn. Ẹ̀rù ba ìyàwó. Bí kò bá rí òkodoro ọ̀rọ̀ yìí, ilé lè tú mọ́ wọn lórí.

Ló bá gba ibi iṣẹ́ lọ lọ́sàn-án gangan. Ọkọ rẹ̀ wà lókè, òógùn ń kán tó-tó-tó láti àgbọ̀n rẹ̀.

"Ìyáa wa, ẹ rọra o," káfíńtà kan kígbe, ó ń tọ́ka sí ẹ̀wù irun àgùntàn náà. "Àgbò wà lórí òrùlé, ó lè kàn yín!"

Nígbà ìsinmi, ọkọ sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù, ó fi kọ́ orí pákó. Ìyàwó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí obìnrin, kò rí ọṣẹ, kò tilẹ̀ sí ẹ̀rọ omi. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń bu omi mu. Ó ki imú bọ ẹ̀wù náà. Ó tutù rinrin, síbẹ̀ kò rùn. Ó wá rú u lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ṣé o ti rí obìnrin náà?" ọkọ rẹ̀ bi í láti ẹ̀yìn.

Ìyàwó ká ẹ̀wù náà mọ́wọ́. "Ẹ yá mi ní ẹ̀wù yìí," ó wí.

Ó wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lórí ìkòkò omi gbígbóná, nínú ooru áyọ́ọ̀nù. Àbúrò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Nígbà tó yá, ó ní kí àbúrò náà gbóòórùn òun.

Àbúrò gbé imú sún mọ́ ọn, ó fà sẹ́yìn, ó tún sún mọ́ ọn. "Ẹni tó ń fọ ti Bàbáa wọn ti ń fọ tiyín náà nìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá mi."

Alágbàfọ̀ rò pé bóyá imú òun ló kú. Ó gbé ẹ̀wù òwú tí ọkọ rẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti yá a ní mẹ́rínò. Kò tí ì dé ojú imú rẹ̀ tó fi jù ú sílẹ̀. Imú kò kú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. "Ẹ má bínú. Ẹjọ́ tó yẹ kí n fetí gbọ́, imú ni mo fi dá a."

"Ṣó ti wá yé ẹ?"

"Kò yé mi rárá. Bí ohun tó ń mú ara móoru ṣe ń tu ara, ibi tí òógùn ń gbà lọ, n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ ò parọ́."

"Kò yé èmi náà," ọkùnrin náà wí. "Nígbà tí àbúrò mi ń ṣàlàyé, orí lásán ni mo ń mì." Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó kọjú sí yàrá. "Ó yá, bọ́ ẹ̀wù mi fún mi."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni."

"Ẹ̀wù mi kẹ̀?"

Bí ìjà mìíràn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ inú yàrá ni wọ́n ti jà á.